Bí Eléèémí Ṣe Ń Mí

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Eléèémí fi gé òkúta, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gé jù ú lọ. Kì í ṣe òkúta tí wọ́n ń fọ́ sójú títì o. Òkúta dídán ni, èyí tí àwọn tó rí jájẹ ń tẹ́ sórí pèpéle ilé ìdáná wọn, tí wọ́n á máa fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ológbò, tí wọ́n á máa sọ fún àlejò pé, "Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó bó ṣe tutù." Nílé Eléèémí fúnra rẹ̀, pákó lásán ni ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́ àlùbọ́sà lé.

Bó ṣe gba orúkọ náà nìyí. Ayùn oníná tí wọ́n fi ń gé òkúta máa ń kọ́kọ́ kùn díẹ̀ kí eyín rẹ̀ tó kan òkúta. Bó bá ti ń kùn báyìí, Eléèémí á ti fa èémí kan sínú, á gbé ahọ́n sẹ́yìn, á ti ọ̀nà ọ̀fun pa gbọin. Ayùn á wọ òkúta, eruku funfun á bò ó láti orí dé orúnkún, kò ní mí títí ayùn á fi la pátákó òkúta náà já. Á wá pa ayùn, á fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á tú èémí náà sílẹ̀, á sì fa òmíràn gbùúù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú odò. Àwọn tó kù á ti máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogójì. Nígbà tó bá tú u sílẹ̀, wọ́n á pariwo, "Eléèémí!" Òun náà á gbé ọwọ́ kan sókè, á dá wọn lóhùn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó ní eruku kò lè wọ ilé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń kọ́ wọn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kò sí omi ni. Omi wà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ayùn náà wá, tó yẹ kó máa da omi sórí òkúta kí eruku má baà dìde. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ yọ ọ́ jù sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí ayùn dé. Ó ní omi ń sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ó sì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀gá yìí kò fẹ́ tẹ ilẹ̀ tútù rárá, bàtà rẹ̀ ló ń rò.

Ọ̀rẹ́ kan wà fún Eléèémí nílé iṣẹ́ náà, òun ló ń dán etí òkúta tí wọ́n bá gé tán. Aláriwo ni wọ́n ń pè é, torí láti àárọ̀ tó bá ti dé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì lè dá èémí dúró. Eléèémí a máa bú u pé, "Ìwọ yìí, eruku ni wàá jẹ kú, torí o ò lè pa ẹnu dé." Aláriwo á ní, "Tí mo bá pa ẹnu dé, ta ni yóò máa bá ìwọ odi yìí sọ̀rọ̀?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, eruku á máa bọ́ lára wọn.

Àtẹ̀gùn ilé ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló gbé Eléèémí dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tẹ́lẹ̀ ó ń sá gùn ún ni. Nígbà tó yá, ó ń dúró lórí ìkeje. Ojú ń tì í, ló bá ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń so bàtà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, bàtà tí ò lókùn lẹ ń so yẹn." Kò ní èémí tí yóò fi dáhùn.

Ilé ìwòsàn sọ pé eruku òkúta ti sọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ di àpá. Wọ́n wo Aláriwo náà, tirẹ̀ náà ti ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kí Eléèémí kú iṣẹ́, ó ní kó lọ sinmi. Ilé kì í sinmi oúnjẹ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó pa ìwé dé, ó lọ gba ayùn bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá tẹ̀ lé e lọ, ó dúró tì í, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀fun. Lọ́nà ilé, wọ́n ṣe àdéhùn. Bàbá ní, "Jẹ́ kí ara mi yá. Ọjọ́ tí mo bá padà sídìí ayùn ni ìwọ náà á padà sídìí ìwé." Ọmọ ní, "Mo gbọ́, Bàbá mi." Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí Eléèémí ń wá láyé nìyẹn: kí ara rẹ̀ yá kí eruku tó mọ ọ̀nà àyà ọmọ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá àwọn tí eruku òkúta ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, tí wọ́n fẹ́ dán òògùn tuntun wò lára wọn. Wọ́n gba Eléèémí, wọ́n gba Aláriwo. Dókítà wọn, obìnrin kan tí kò ju ọmọ bíbí inú wọn lọ, mú wọn jókòó, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé ohunkóhun tó bá ṣìnà wọlé mì, ìbáà ṣe kòkòrò, ìbáà ṣe èéfín. Wọ́n gbé eruku òkúta náà mì. Ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ òkúta kó dà nínú rẹ̀? Ṣe ló ń mú wọn bẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣe ń kú, á máa ké sí àwọn yòókù, àwọn náà á sáré wá, wọ́n á gbé e mì, wọ́n á bẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń jà ló ń di àpá, àpá kò sì mọ èémí í mí."

Aláriwo ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òògùn yìí, a wé e sínú hóró kan tó kéré débi pé, tí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún rẹ̀ síra, kò ju fífẹ̀ irun orí kan lọ. A ṣe é bí ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn fẹ́ràn láti gbé mì. Tí wọ́n bá ti gbé e mì, á tú sínú wọn, á ní kí wọ́n farabalẹ̀, kí wọ́n yé ké. Ibi tó kù nínú ara kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ o. Ẹ gbọ́dọ̀ mí in wọlé jinlẹ̀, kí ẹ wá dá èémí dúró, kí ẹ ka ẹẹ́wàá."

Eléèémí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Dókítà, tó bá jẹ́ ti ká dá èémí dúró ni, ẹni tó ni ín lẹ wá bá."

Dókítà sọ ohun kan sí i, Eléèémí sì fi sọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n á kọ́kọ́ lò ó. Ẹni tí òògùn bá ràn lọ́wọ́ láàárín ìgbà náà á máa lò ó lọ fún ọdún kan. Ẹni tí kò bá ràn lọ́wọ́, wọ́n á dá a dúró, kí wọ́n má baà fi òògùn ṣòfò.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba òògùn náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, aago ara ògiri rẹ̀ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́fà yára ju ti ayé lọ. Ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, ó ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń kì bọ ẹnu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì fi ọ̀pá lásán kọ́ wọn, láìtan ẹ̀rọ. Eléèémí ṣe é dáadáa. Nọ́ọ̀sì wá tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìkùukùu funfun tú jáde. Àyà Eléèémí ti gbéra sókè, ó dúró sókè, kò mì. Nọ́ọ̀sì ń kà: ẹẹ́jọ, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́wàá. Ó dé méjìlá kó tó tú u sílẹ̀, ìkùukùu sì jáde ní imú àti ẹnu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Bàbá, àwọn ọ̀dọ́ ò lè ṣe báyìí!" Ó fi àmì sínú ìwé pé ó gbà á.

Nígbà tó kan Aláriwo, ìkọ́ gbé e lẹ́ẹ̀kìíní, ẹ̀rín gbé e lẹ́ẹ̀kejì, kò dé márùn-ún rí. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ wo bí ọ̀rẹ́ yín ṣe ń ṣe é, sà." Eléèémí á na ọrùn, á ní, "Fi í sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ọmọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n ń pín sùúrù, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó ń lọ, ó ń jókòó, ẹ̀rọ ń kùn, ó ń ṣe tirẹ̀, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń fi àmì sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá mìíràn tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Ti Aláriwo lọ sókè díẹ̀, ó tún lọ sókè. Ti Eléèémí dúró sójú kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nílé, kò dé àtẹ̀gùn keje mọ́, ìkarùn-ún ló ń dúró sí. Ìyàwó rẹ̀ kò fi bàtà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó gbé àpótí kan síbẹ̀ fún un láti jókòó.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó di ìlara. Ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ti Aláriwo wálẹ̀ díẹ̀, kò ní kó kú o, kó ṣáà wálẹ̀. Ṣé ẹni tó ṣe é dáadáa ló yẹ kí òògùn kọ̀, kó wá máa ran ẹni tó ń fi ṣeré lọ́wọ́? Ó sì ń sapá sí i. Bí wọ́n bá ní ẹẹ́wàá, á ṣe mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé, wọ́n po nǹkan kan mọ́ òògùn náà tó ń tàn nínú àwòrán, kí wọ́n lè rí ibi tó balẹ̀ sí. Wọ́n ya Aláriwo, wọ́n ya Eléèémí. Dókítà fẹ́ rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Aláriwo ní kò sí àṣírí láàárín àwọn, wọ́n bá jọ wọlé. Ẹ̀dọ̀fóró Aláriwo dà bí aṣọ dúdú tí wọ́n fọ́n iyọ̀ sí. Ti Eléèémí dúdú lásán. Funfun tirẹ̀ wà lẹ́nu, ó wà lẹ́yìn ahọ́n, díẹ̀ wà nínú ikùn. Kò sí ẹyọ kan ní àyà.

Dókítà fi ìka tọ́ àyà tó dúdú náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí n rí i."

Nọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn. Àyà Eléèémí gbéra sókè, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu jáde, ó kún ẹnu rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ eyín rẹ̀.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ẹ ti mí tán kí òògùn tó jáde. Kò síbi tí yóò gbà wọlé."

"Irọ́ ni," Eléèémí ní. "Ṣé èmi ni mi ò mọ èémí í mí?"

"Ẹ tún un ṣe, sà."

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bá ara rẹ̀ jà títí òógùn fi bò ó, síbẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe kùn báyìí, ọ̀fun rẹ̀ tì. Aláriwo tó ti dákẹ́ láti ìgbà tí wọ́n wọlé ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀. "Ayùn ni. Dókítà, ayùn ló ń gbọ́. Bí àwọn tó ń gé òkúta lọ́dọ̀ wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ayùn bá ti kùn, wọ́n á fa èémí sínú, wọ́n á tì í pa, kí eruku tó dé."

Dókítà ní kí Eléèémí ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé. Kódà, nínú ìbànújẹ́ yẹn, ó fi díẹ̀ yangàn, ó sọ ti ogójì tí wọ́n máa ń kà. Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Eruku funfun tí ojú ń rí yẹn, imú àti ọ̀fun ló ń mú un, ẹ máa ń tu púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Èyí tí ojú ò rí ló ń pa èèyàn. Tí ẹ bá pa ayùn, tí funfun yẹn bá balẹ̀, èyí tó kéré ṣì wà nínú atẹ́gùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ̀yin á wá..."

"Ẹ sọ ọ́ tán," Eléèémí ní.

"Ẹni tó bá ti dá èémí dúró pẹ́, gbùúù ló ń fa òmíràn, Bàbá. Ó ń gbé e dé ìsàlẹ̀ pátápátá."

Eléèémí jókòó sórí àga tí awọ rẹ̀ ti ya. Ó yé e. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí kò lè pa á, tó sì ṣí i gbàgà fún èyí tó pa á. Wọ́n wá ṣe òògùn kan tó kéré bíi ti apani náà, kó lè gba ọ̀nà kan náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Aláriwo tí kò lè pa ẹnu dé, tó ń mí péńpé-péńpé láàárín ọ̀rọ̀, eruku kò rí i wọ̀ jìnnà, òògùn sì rí i wọ̀ torí ó ń mí nígbà tí òògùn bá jáde. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ tó lè gbá létí.

Ó ní, "Ẹ dí mi létí. N ó di ojú mi. Ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká tí ìkùukùu bá ti jáde."

Wọ́n fi òwú dí i létí. Nọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ, ó dúró, ó fọwọ́ kàn án. Eléèémí mí. Ohun tútù kan sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí nǹkan kan kò dé láti oṣù mẹ́ta. Ìkọ́ gbé e, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ké, "Ó wọlé! Ó ti wọlé!" Aláriwo dì mọ́ ọn. Inú gbogbo wọn dùn fún bí ìṣẹ́jú kan.

Eléèémí yọ òwú létí. Ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní."

Dókítà ní, "Bàbá, ìwé ti pa dé. Àwọn tó ni òògùn ti gba orúkọ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti kọ tiyín sí ara àwọn tí òògùn kò ràn lọ́wọ́."

"Ẹ kọ ọ́ pé mi ò lò ó rárá. Òótọ́ ni, ẹ̀yin náà rí i."

"Mo bẹ̀ wọ́n, sà, kí n tó pè yín wọlé, nígbà tí mo rí àwòrán. Wọ́n ní ìwé fi hàn pé ẹ lò ó. Àmì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri. Òun ló fi àwọn àmì náà síbẹ̀, ó sì ń pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń fi wọ́n síbẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ tún máa mú èèyàn?"

"Bóyá lẹ́yìn ọdún méjì."

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kò ní ọdún méjì. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ ọ́. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Níta, Aláriwo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bú mi. Má dákẹ́ báyìí. Ọlọ́run gbọ́, mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn ń mí ni."

"Mo mọ̀," Eléèémí ní. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Kò lọ sílé. Ó gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ òkúta lọ, ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń rìn, ó ń dúró. Nígbà tó débẹ̀, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pátákó òkúta tuntun sórí àga ayùn. Funfun ti gba irun rẹ̀ bí ti àgbàlagbà.

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀. Kí ni wọ́n wí?"

"Má dá èémí dúró mọ́," Eléèémí ní. Ó ní láti fara ti ògiri kó tó lè sọ èyí tó kù. "Èyí tí mo kọ́ ọ yẹn. Kò dáa. Òun ló ń gbé e lọ sísàlẹ̀."

Ọmọ náà wò ó. "Tí mi ò bá dá a dúró, kí n máa wá fa eruku sínú? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá mi."

Ìbéèrè náà tọ́. Bó ti wù kó mí, ibi tó dúró sí ló burú.

"Fi ibí sílẹ̀. Padà sídìí ìwé rẹ."

"Ṣé wọ́n gbà yín fún ọdún kan náà? Ṣé ara yín máa yá?"

Eléèémí wo ilẹ̀. Ọmọ náà dúró kó dáhùn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn. Ó fọwọ́ kan bàbá rẹ̀ ní apá, ó padà sídìí ayùn, ó tan án.

Ayùn kùn. Àyà ọmọ náà gbéra sókè, ó sì dúró. Bàbá fẹ́ ké sí i, ṣùgbọ́n ariwo ayùn pọ̀, èémí rẹ̀ kò sì tó èyí tí yóò fi ké. Eruku bo ọmọ náà títí kò fi hàn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n dé ogún, wọ́n dé ọgbọ̀n, wọ́n dé ogójì, wọ́n kọjá rẹ̀. Nígbà tí òkúta já, mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kà, iye tí ẹnikẹ́ni kò dé rí nílé iṣẹ́ náà.

"Eléèémí!" ni gbogbo wọn pariwo. "Eléèémí!"

Ọkùnrin náà ti gbé ọwọ́ sókè láti dá wọn lóhùn kó tó rí i pé kò sí ẹni tó kọjú sọ́dọ̀ òun. Nínú funfun náà, ọmọ rẹ̀ pa ayùn, ó fẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta géérégé bó ṣe kọ́ ọ, ó sì fa èémí gbùúù.